Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìkéde Màmá

Sátidé, 8 Fẹ́búárì

Màmá kú lánàá. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè wò ó bóyá á jọ òótọ́. Kò tíì jọ ọ́.

Ìyá Dámisí tó ń gbé ilé kejì sọ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ sọ pé ó kú. Ó ní, "Àgbà kì í kú, Waliyat, ilé ni wọ́n ń lọ." Ilé wo? Ilé rèé. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù sínú ẹ̀, èmi àti bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún méjì ni mo fi bá ìyá àgbà mi gbé níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ìgbà tí mo ti fi SS2 sílẹ̀ tí gbogbo ayé sì ní orí mi ò gbàwé. Màmá nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹni tí kò lè kàwé, á lè fọ abọ́."

Mo pe Ummi, ìyá tó bí mi, ọmọ Màmá, ní Ọ̀yọ́. Mo ní Màmá ti lọ. Ó wá béèrè pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "O ṣé," ó pa fóònù. O ṣé! Bí ẹni pé mo bá a ra maggi.

Mọ́ńdè, 10 Fẹ́búárì

Àǹkù Joseph dé láti Ìbàdàn. Òun ni wọ́n bí tẹ̀ lé Ummi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àga Màmá ló lọ jókòó sí tààrà. Gbogbo àwọn tó wá kí i ń pè é ní Dáwódù, ó ń mi orí.

Wọ́n ti mú ọjọ́ ìsìnkú: Jímọ̀, 14 Máàṣì. Mo ní, "Àǹkù, àárín ààwẹ̀ nìyẹn o."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló ń gbààwẹ̀ nílé yìí?"

Híjáàbù ṣì wà lórí mi bó ṣe ń bi mí.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, pupa lónìí. Fálẹ́ntáìnì ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé òdòdó oníke kiri, èmi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ṣògo, mò ń tẹ ìkéde òkú. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: káàdì ìgbéyàwó, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìsìnkú. Ti ìsìnkú ló pọ̀ jù.

Ìtàn ìgbésí ayé kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ní nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ ló máa ń pààrọ̀. Gbogbo òkú Ògbómọ̀ṣọ́ ni onísùúrù, ọ̀làwọ́, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, àwọn tó ń jà ńkọ́, ṣé wọn kì í kú ni?"

Ó ní, "Wọ́n ń kú. Àwọn ọmọ wọn ló ń sanwó."

Pépà A4 ti di 7,500 ìdì kan. Ooru pọ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi ní òdòdó, mi ò sì fẹ́.

Wẹ́sìdé, 19 Fẹ́búárì

Àǹkù Joseph gbé ọ̀rọ̀ ìkéde Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni Ọ̀gá gbé e fún kí n tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n kọ àwọn ọmọ sí. Díákónì Joseph Ọládépò, àkọ́bí. Ìyáàfin Olúwafèyíkẹ́mi, Kánádà. Ó parí síbẹ̀. Mo yí bébà náà padà bóyá orúkọ Ummi wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn funfun báláú.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Àǹkù dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n kọ ÀKỌ́BÍ ní lẹ́tà ńlá. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Ìkéde ti wà lára ògiri gbogbo láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé Sábó. Nínú fọ́tò rẹ̀, Ọ̀gá Ṣògo gbé orí Màmá lé ọrùn obìnrin mìíràn tó wọ léèsì àti iyùn. Màmá ò ní iyùn. Aago nọ́ọ̀sì ló máa ń fi há àyà, ogójì ọdún ló fi gbẹ̀bí fáwọn ará ìlú yìí. Ọwọ́ obìnrin inú fọ́tò yẹn rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ọwọ́ Màmá le bí ọmọ ọlọ.

Àwọn èèyàn ń dúró kà á. Mo bá wọn dúró bí ẹni tí kò mọ òkú náà rí. Ìyá Dámisí náà kà á, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó dé ìsàlẹ̀, ó ṣe "hùn-ùn." Ó ní, "Dáwódù ni Joseph, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Àkọ́bí ni kì í ṣe." Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kan gbọ́, ó sì ń lọ.

Sọ́ńdè, 23 Fẹ́búárì

Mo lọ sílé ní Ọ̀yọ́. Owó mọ́tò ti di 3,000. Bàbá mi wà níwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ń rán awọ mọ́ tìmùtìmù kan tí wọ́n fẹ́ wá gbé. Israfil lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nílé Màmá, "ọkùnrin yẹn" ni wọ́n ń pè é.

Mo ti ya ìkéde náà sínú fóònù. Ummi fi ìka méjì fà á fẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ó ní, "Fọ́tò yìí ò jọ wọ́n."

Bàbá mi ní, "Bóyá wọ́n gbàgbé ni."

"Èmi ni mo pọn Joseph," Ummi ní. "Ẹ̀yìn mi ló wà tó fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Kò gbàgbé."

Kò sunkún. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ó ń rán awọ náà lọ. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún régé. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Mo ti gbọ́ ìtàn wọn títí ó fi sú mi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ummi fẹ́ bàbá mi tó sì di Rukayat. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Màmá dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ méjì lòun ní. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, ojú mi ló rí i. Ummi ti padà ń wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti bí ọdún mẹ́rin, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà. Á fọ aṣọ Màmá, á di irun rẹ̀, Màmá á jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn iwájú, Màmá á ké láti ilé ìdáná pé, "Ará Ọ̀yọ́ kan ló wá kí mi o." Ummi á gbé báàgì rẹ̀.

Mo fẹ́ kọ nǹkan tí mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan. Lọ́dún tó kọjá Ummi gbé gààrí wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi Tẹniọlá, tó wà ní yunifásítì, bi mí pé ta nìyẹn. Híjáàbù Ummi ti ṣá, okùn bàtà rẹ̀ já. Mo ní, "Obìnrin kan tó máa ń bá wa gbé gààrí wá láti Ọ̀yọ́ ni." Ummi gbọ́. Ó kí Tẹniọlá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí," bí ẹni ń kí oníbàárà. Ó lọ. Kò bi mí nípa rẹ̀ rí títí dòní.

Sátidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò síná, kò sátẹ́gùn. Mo gbà á dé aago mẹ́ta, mo wá jẹ èso káṣú kan. Mo sọ fún ara mi pé èso káṣú kì í ṣe oúnjẹ, omi ni. Ọlọ́run mọ̀ pé irọ́ ni.

Túsìdé, 4 Máàṣì

Mo sọ ọ́ fún Àǹkù Joseph. Mo kúnlẹ̀. "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́, nínú ìwé ìsìn, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ Ummi sí i."

"Orúkọ wo? Oyèrónkẹ́ àbí Rukayat?"

"Èyí tí Màmá sọ wọ́n."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní òun kọ́ ló yọ ọ́, Màmá ló yọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ. Ta lòun tí òun á wá tún ọ̀rọ̀ òkú sọ? Ó ní òun ló kan òrùlé yìí, òun ló gbé Màmá lọ sọ́sibítù títí, òun ni gbogbo èèyàn ń pè tí nǹkan bá bàjẹ́. "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àkọ́bí ni àkọ́bí, Waliyat."

Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ì bá rọrùn fún mi láti kórìíra rẹ̀ ká ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá ó ní, "Ó dáa. Kọ ọ́ sísàlẹ̀. Kẹta, lẹ́yìn Fèyíkẹ́mi."

Mo sáré pe Ummi, inú mi ń dùn bí òmùgọ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Sọ fún Joseph pé wọn ò bí mi lẹ́yìn Fèyíkẹ́mi. Tí kò bá lè kọ ọ́ síbi tó wà, kó fi í sílẹ̀."

Mo ní, "Ummi, ó kéré tán wọ́n á kà yín mọ́ wọn."

Ó ní, "Wọ́n á ka ta ni?"

Àwọn méjèèjì ti sú mi.

Tọ́sìdé, 6 Máàṣì

Ọ̀gá Ṣògo lọ ra íńkì. Èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìsìn Màmá sì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá títí dọjọ́ ikú. Bíríkìlà tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ni ìyẹn. Àǹkù sì ti kà á, ó ti buwọ́ lù ú! Mo yọ ọ́.

Mo wá sọ̀ kalẹ̀ síbi orúkọ àwọn ọmọ. Mo tẹ Oyèrónkẹ́ sókè pátápátá. Ó dùn ún wò. Mo wò ó títí. Ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, igba ẹ̀dà á jáde.

Mo pe Ummi. Mo rò pé á yìn mí.

"Yọ ọ́ kúrò, Waliyat."

"Ummi, kò sẹ́ni tó máa rí i títí wọ́n á fi pín in tán."

"Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn náà nìyẹn," ó ní. "Mo ti gbà á tó."

Mo yọ ọ́. Mo da orí dé kíbọ́ọ̀dù, mò ń sunkún nígbà tí Ọ̀gá dé. Ó rò pé Màmá ni mò ń sunkún, ó lọ ra móínmóín fún mi. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ó ní, "Má bínú o. Fi pamọ́ dìrọ̀lẹ́." Bóyá Màmá náà ni mò ń sunkún lóòótọ́.

Sọ́ńdè, 9 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìkéde Màmá tó wà ní Sábó ti ń ṣí lára ògiri.

Ẹ̀yẹolúwa, ọmọ Àǹkù, ló yẹ kó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ-ọmọ níbi ìsìn orin alẹ́ tó ṣáájú ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó ní Yorùbá òun ò dán mọ́rán. Àǹkù ní kí n kọ ọ́, kí n sì kà á. "Ojú ìwé kan péré. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni o."

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ ló ń jọ ti inú kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ṣògo. Màmá onísùúrù. Màmá tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo fà wọ́n ya.

Wẹ́sìdé, 12 Máàṣì

Mo ti kọ ọ́. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni.

Tọ́sìdé, 13 Máàṣì

Ìsìn orin ti parí. Ummi ò sí níbẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la lòun àti bàbá mi ń bọ̀, ó ti ní ẹ̀yìn lòun máa dúró sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wọ́n pè mí, mo gòkè, híjáàbù lórí. Àwọn kan wo ara wọn. Mo kọ ohun tí mo kà síbí, torí Ìyá Dámisí ti gba bébà ọ̀hún lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fi pamọ́ sínú Bíbélì òun:

"Orúkọ mi ni Waliyat. Oyèrónkẹ́ ló bí mi, Oyèrónkẹ́ sì ni ọmọ tí Màmá kọ́kọ́ bí. Màmá gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Wọ́n mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ilé gbogbo yín, wọ́n mọ èwo nínú àwọn ìbejì yín ló kọ́kọ́ jáde. Màmá máa ń bínú. Wọ́n lè bínú fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n fẹ́ràn Ummi mi ní ilé ìdáná, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ní pálọ̀. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú wọn. Èmi náà ti sẹ́ Ummi mi lójú ọ̀rẹ́ mi. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi ṣe é, títí dòní mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa kó o jẹ. Mo rò pé bó ṣe rí fún Màmá nìyẹn. Mo rò pé wọ́n ń wá ọjọ́ tí wọ́n á sọ ọ́ síta, ọjọ́ náà ò dé. Mo ti bá wọn sọ ọ́ lónìí. Màmá, ẹ sùn re."

Kò sẹ́ni tó ṣe "Àmín." Fáànù nìkan ló ń ké. Mò ń wá àtẹ̀gùn tí mo máa gbà sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí i. Ìgbà náà ni Ìyá Dámisí dìde láàrin àwọn ìyá W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ.

"Rónkẹ́ dà?" ó ní. "Èmi ni mo gbé e jáde lọ́jọ́ ìkómọ."

Ìyá kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Rónkẹ́ tó máa ń lé orin fún wa? Ibo ló wà?"

"Ọ̀yọ́ níbí yìí ló wà!" ìyá mìíràn dáhùn.

"Ọ̀yọ́! Mo rò pé wọ́n ní Mẹ́kà ni."

"Mẹ́kà ti ta? Ìwọ náà sì gbà?"

Pásítọ̀ lu tábìlì, ó ní ká dìde kọrin.

Èmi àti Àǹkù la jọ rìn lọ sílé. Mò ń retí ìgbájú. Nígbà tó kù díẹ̀ ká délé, ó ní, "Mo ní kí o kọ ọ̀rọ̀ tó dùn."

Mo ní, "Ó dùn mí, Àǹkù."

Ó dúró. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ó máa wá lọ́la?"

"Wọ́n máa wá. Wọ́n ní ẹ̀yìn làwọn máa dúró sí."

Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́.

Jímọ̀, 14 Máàṣì

Ó ti tán. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó sùn lọ.

Ummi wọ híjáàbù dúdú. Ẹni tó ń pín ìwé ìsìn ní ẹnu ọ̀nà fún un ní ọ̀kan. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó fi há abíyá. Òun àti bàbá mi jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí Pásítọ̀ ń ka ìtàn ìgbésí ayé, mò ń fi ojú tẹ̀ lé e nínú tèmi. Ó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ojú sókè wo àwọn ìyá W.M.U., àwọn náà ń wò ó.

Ó ní, "Màmá fi ọmọ sáyé. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Àwọn ìyá ní, "Àmín o!" Àdúrà ò sì sí ńbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Èrò pọ̀, oòrùn mú. Ummi dúró lọ́hùn-ún lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀. Pásítọ̀ ní, "Kí àkọ́bí bọ́ síwájú."

Àǹkù Joseph ti mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó bọ́ síwájú. Ó bu erùpẹ̀. Ó dúró báyìí pẹ̀lú erùpẹ̀ lójú ṣọ́bìrì, kò dà á. Pásítọ̀ tún un pè, ó rò pé kò gbọ́ ni. Erùpẹ̀ ń ṣẹ́ wálẹ̀ sórí bàtà rẹ̀.

Ó da erùpẹ̀ náà padà síbi tó ti bù ú. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń la àárín èrò lọ, gbogbo èèyàn ń yà fún ṣọ́bìrì. Mo tẹ̀ lé e, mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń rìn. Ó dé abẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ nínú kóòtù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

Ummi wò ó. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń wo èmi tí mo bá wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé á sọ ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún sí i lórí. Ó ní, "O ti rù, Joseph."

Ó gba ṣọ́bìrì. Ó ṣíwájú, Àǹkù tẹ̀ lé e. Ìyá Dámisí ń sunkún fàlàlà, ó ń fi ìwé ìsìn fẹ́ ara rẹ̀. Ummi bu erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ètè rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣọ́bìrì fún Àǹkù. Ẹ̀yẹolúwa gbé fóònù sókè kí Àǹtí Fèyíkẹ́mi lè máa wò ó láti Kánádà, a sì ń gbọ́ tó ń pariwo nínú fóònù pé, "Ta nìyẹn? Ṣé Àǹtí mi nìyẹn? Ẹ gbé e sún mọ́ wọn!"

Sátidé, 15 Máàṣì

Ìwé ìsìn tó ṣẹ́kù tó ọgọ́ta, wọ́n wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ Ummi kò sí nínú ìkankan nínú wọn. Mo ní kí n bá wọn fi bírò kọ ọ́ sí i. Ummi ní kí n má bà á jẹ́.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń wá kí i. Pálọ̀ ló jókòó sí, Àǹkù wà lápá òsì rẹ̀. Ìyá kan á wọlé: "Rónkẹ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Òmíràn á wọlé: "Ìyá Waliyat, ẹ kú ìnáwó, Màmá á sùn re o." Ó ń dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọmọ wọn, ó ń béèrè ẹni tó ti kú nílé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn rẹ̀ ti há, ààwẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mu omi.

Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí pé òun ò mọ̀ pé ìkíni máa ń rẹ èèyàn tó báyìí. "Waliyat, bá mi dá wọn lóhùn."

Mo jókòó tì í. Mò ń bá a dá wọn lóhùn. Wọ́n ṣì ń wọlé bí mo ṣe ń kọ èyí.